Alága Ń Ké, Onígbàjámọ̀ Ò Sùn

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, onígbàjámọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ sùn lọ lórí ìdúró, kílípà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fá irun òkè ojú ọ̀tún lọ́yà kan kúrò láìku ẹyọ kan. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Orí gbọọrọ, orí pẹrẹsẹ, orí tó ní kókó lẹ́yìn bí iṣu tí kòkòrò jẹ, kò sí èyí tí kò tíì kọjá lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kò sì sí èyí tó ṣẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n oorun kì í bèèrè orúkọ kó tó gbé èèyàn lọ.

Lọ́yà wo ara rẹ̀ nínú dígí títí.

"Mo ní ẹjọ́ lọ́la," ló wí.

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun kúkú fá èkejì, kí ojú lè dọ́gba.

"Má fọwọ́ kàn án," ni lọ́yà dáhùn. "Ẹ̀rí nìyẹn."

Nígbà tó jáde tán, Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ jókòó sórí àga tí oníbàárà ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé bí nǹkan kò bá yí padà nílé òun, etí ló kàn.

Ohun tó ń jí oorun rẹ̀ gbé kì í ṣe ẹ̀rí ọkàn, nítorí ẹ̀rí ọkàn tirẹ̀ máa ń tètè sùn. Ológbò ni.

Oṣù méjì ṣáájú ìgbà náà ni ìyá ìyàwó rẹ̀ kó wá sọ́dọ̀ wọn. Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àtẹ̀gùn ilé tí wọ́n ń dá gbé sì ti fẹ́ ṣẹ́ wọn lẹ́sẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Àwọn ìbejì ilé ti lọ sí yunifásítì, yàrá wọn ṣófo, ni wọ́n bá fún Màmá. Màmá kó àpótí méjì wá, àga kan tí ẹlòmíì kò gbọdọ̀ jókòó lé, àti ológbò kan tó rí bí eérú, tí ìjà ti fa etí rẹ̀ kan ya. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ológbò náà. Alága ni orúkọ rẹ̀, nítorí pé ibikíbi tó bá jókòó sí, gbogbo ará ilé ló gbọ́dọ̀ dúró dìgbà tó bá parí ohun tó ń rò.

Ìyàwó Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ òru ni wọ́n sì fi í sí lásìkò yẹn. Ó máa ń jáde ní aago mẹ́jọ alẹ́, kì í wọlé tó aago mẹ́jọ àárọ̀. Ọjọ́ tí Alága dé ló ti ṣe òfin méjì: ológbò kò gbọdọ̀ wọ yàrá òun, ológbò kò gbọdọ̀ gun tábìlì tí èèyàn ti ń jẹun. Ó ṣe òfin tán, ó gbé báàgì, ó gba ibi iṣẹ́ lọ. Ó wá ku ọkọ tí yóò máa ṣe ọlọ́pàá.

Bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá lù, Màmá á wọ yàrá, wọn á yí kọ́kọ́rọ́, ó di kàà. Alága á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á kọjú sí ilẹ̀kùn náà. Ní aago mẹ́ta òru, ìpàdé á bẹ̀rẹ̀.

Igbe tó ń ké kì í ṣe "míáù" tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ó máa ń ti ìsàlẹ̀ ikùn bẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àga onírin lórí sìmẹ́ńtì. Á gòkè, á dúró sókè níbẹ̀, á wá yí ohùn padà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ìdí mìíràn tó fi yẹ kóun sunkún. Lẹ́yìn náà á já wálẹ̀, á dákẹ́ díẹ̀, kí onígbàjámọ̀ lè fi orí lé ìrọ̀rí. Orí á ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ìrọ̀rí ni Alága á tún gbé e.

Èyí tó dun Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ jù ni pé kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́.

"Bàbá Ìbejì," ni ìyàwó rẹ̀ wí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń bọ́ bàtà, "èèyàn mẹ́rìnlélógún ni mo tọ́jú mọ́jú. Ọ̀kan nínú wọn rò pé èmi ni ìyá òun. Ẹ̀yin wá ń sọ fún mi pé ológbò kan ṣoṣo ò jẹ́ kí ẹ sùn."

Màmá ní tiwọn ò tiẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.

"Alága kì í ké," ni wọ́n wí. "Ọdún mẹ́rìndínlógún rèé, mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀ lóru rí."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Màmá ò gbọ́ ohùn ológbò, wọn ò sì gbọ́ agogo ẹnu ọ̀nà tàbí omi tó ń hó lórí iná. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé etí Màmá ti lọ, Màmá fúnra wọn nìkan ni kò gbà. Ní tiwọn, àwọn èèyàn òde òní ni kì í la ẹnu sọ̀rọ̀. Nígbà tí Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ fi fóònù gba igbe Alága sílẹ̀, tó gbé e sí wọn létí, tí igbe náà sì ń mi gbogbo ilé, Màmá fetí sí i dáadáa, wọ́n wá fi àánú wò ó.

"Fóònù rẹ ti bàjẹ́," ni wọ́n wí.

Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó ní ni tíṣà àgbà tó ń gbé nísàlẹ̀ wọn, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rí tirẹ̀ náà ò sì wúlò. Ìwé kékeré kan ni tíṣà tì sábẹ́ ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ tó dára kọ ọ́ pé: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń kọrin, ẹ wá olùkọ́."

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ti gbìyànjú. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, ó ṣí sàdíìnì agolo kan fún Alága. Alága jẹ ẹ́, ó nu ẹnu, ó dákẹ́. Onígbàjámọ̀ yin ara rẹ̀ pé ọgbọ́n òun pọ̀. Lọ́jọ́ kejì, aago méjì ààbọ̀ ni Alága bẹ̀rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti di aago kan, sàdíìnì sì ti tán nílé. Ó wọ́n omi sí i lára. Alága rò pé wọ́n fẹ́ kóun wẹ̀ ni, ó jókòó, ó fi ahọ́n wẹ ara rẹ̀ láti orí dé ìrù, ó wá padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó tì í mọ́ ilé ìdáná. Ìkòkò àti àwo tó wà níbẹ̀ gba ohùn náà, wọ́n sọ ọ́ di mẹ́ta. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn gba ìgò lọ́wọ́ ọ̀mùtí, tó wá fi gbohùngbohùn rọ́pò rẹ̀.

Ohun tó kù tó ń ṣe ni pé ó máa ń jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, á lóṣòó síwájú Alága, á sì bá a wí. Ìgbà tó bá ti bá Alága wí tán ni yóò kọjá sórí Màmá. Ó sọ ohun tí àna kì í sọ sí àna. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, nítorí nínú àwọn méjì tó wà nítòsí, ọ̀kan ò lè gbọ́, èkejì ò lè rojọ́. Ká sọ tòótọ́, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló ń tù ú lára.

Lẹ́yìn ọ̀ràn irun òkè ojú lọ́yà, ìyàwó rẹ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ ti kọjá eré. Ó ní ohun tó bá ń ké ní ohun tó ń ṣe é, kí wọ́n gbé Alága lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Màmá ní bí wọ́n bá máa gbé Alága jáde, àwọn gbọ́dọ̀ bá a lọ, torí kò mọ ẹnì kankan níta.

Ọ̀dọ́bìnrin ni dókítà náà. Èékánná ológbò ti ya ìlà sí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, kò sì dà bí ẹni tó bìkítà. Ó gbé Alága lé tábìlì onírin, ó tẹ ikùn rẹ̀, ó wo eyín rẹ̀, ó fi iná wo ojú rẹ̀, ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Màmá jókòó sí igun yàrá, báàgì lórí itan.

"Nígbà tó bá ké, kí lẹ máa ń ṣe?" ni dókítà bi Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀.

"Mo máa ń fún un ní ẹja."

"Lẹ́yìn ẹja ńkọ́?"

"Mo máa ń jókòó tì í, mo máa ń bá a sọ̀rọ̀."

"Ọ̀rọ̀ bíi kí?"

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí Màmá wà. "Ọ̀rọ̀ ilé," ló wí.

Dókítà mi orí. "Ẹni tó bá ń fún olórin lóúnjẹ, orin ni yóò máa gbọ́. Ẹ̀yin lẹ gbà á síṣẹ́ yìí, sà. Lọ́sàn-án ńkọ́, kí ló máa ń ṣe?"

"Ó máa ń sùn. Orí itan Màmá ló máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́."

"Á jẹ́ pé òru yín ni àárọ̀ tirẹ̀." Ó yí sẹ́yìn Alága, ó mú àwo onírin kan tó kún fún irinṣẹ́, ó gbé e sókè, ó sì jẹ́ kó bọ́ lulẹ̀.

Ariwo náà ò kéré. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ fò, ó fi ìgbúnwọ́ gbá ògiri. Ajá méjì gbó ní yàrá kejì. Ẹnì kan níta bèèrè pé ṣé kò sí nǹkan o. Alága ń lá ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, kò dúró, kò sì yára sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni Màmá, tí wọ́n ń wá nǹkan nínú báàgì lásìkò náà, ń wá a lọ. Wọ́n fa áńkáṣíìfù yọ, wọ́n nu imú, wọ́n gbójú sókè. Ìgbà yẹn ni wọ́n rí irinṣẹ́ nílẹ̀ káàkiri, tí wọ́n sì rí àna wọn tó fẹ̀yìn ti ògiri bí ẹni tí ọlọ́pàá ń yẹ ara rẹ̀ wò.

Dókítà wo ológbò, ó wo Màmá, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa irinṣẹ́ rẹ̀.

Ó ṣàlàyé fún Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ pé Alága ti di adití, pé ìyẹn sì ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Bí ológbò tí kò gbọ́ràn bá jí nínú òkùnkùn, tí kò rí ẹnì kankan, tí kò gbọ́ mímí ẹnikẹ́ni, á rò pé gbogbo ayé ti kó lọ fi òun sílẹ̀. Á bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. Torí kò sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀, kò mọ ibi tó yẹ kóun dá a dúró. Ó ní kí wọ́n máa jí i lọ́sàn-án, kí wọ́n máa fi okùn bá a ṣeré nírọ̀lẹ́ títí á fi rẹ̀ ẹ́, kí wọ́n wá fún un lóúnjẹ nígbà tí àwọn náà bá fẹ́ lọ sùn. Kí wọ́n tan iná kékeré sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ kí wọ́n tó sún mọ́ ọn, kó lè mọ̀ lára pé èèyàn ń bọ̀.

"Bó bá ké, ẹ má dá a lóhùn," ló wí. "Igbe á kọ́kọ́ pọ̀ sí i. Bí ẹ bá fara dà á fún ọjọ́ mẹ́rin, tẹ́ ẹ wá fún un ní ẹja lọ́jọ́ karùn-ún, ẹ ti kọ́ ọ pé ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n ń ké kí ẹja tó jáde. Níbo ló máa ń sùn tẹ́lẹ̀, kó tó dé ilé yín?"

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ní lórí ẹsẹ̀ Màmá ni, lórí ibùsùn wọn.

"Kó máa sùn níbẹ̀."

Nínú ọkọ̀, Màmá gbé àpótí Alága lé itan, wọ́n dì í mú títí tí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Wọ́n wá ní, "Àwo yẹn. Ṣé ó pariwo?"

"Ó pariwo gan-an, Mà," ni Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ wí, ó gbé ohùn sókè tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ fi yíjú.

"Mo rí i nílẹ̀ ni," ni Màmá wí. "Mi ò gbọ́ ọ." Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Bí Alága ò bá tijú kí wọ́n yẹ etí ẹ̀ wò, kí lèmi ń tijú sí?"

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀sì ọmọ wọn mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ etí wọn wò, wọ́n sì ní kí wọ́n padà wá gba ẹ̀rọ tí wọn yóò máa fi sétí. Ìyẹn rọrùn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ni kò rọrùn. Màmá ní kò sẹ́ni tó máa sọ fáwọn pé káwọn má tilẹ̀kùn àwọn lóru. Ọmọ wọn bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní rárá. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ní kí Alága kúkú wọlé kí wọ́n tó ti í, wọ́n ní ibo ni yóò wá gbà jáde bó bá fẹ́ tọ̀? Lálẹ́, kọ́kọ́rọ́ á yí, á di kàà, Alága á sì wà lóde.

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ṣe ìyókù. Ó ra iná kékeré. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ọkùnrin tí àwọn lọ́yà ń bẹ̀rù á so ìyẹ́ adìyẹ mọ́ okùn, á máa fà á kiri pálọ̀, á máa fi orúnkún rìn. Alága á wò ó bí ẹni tó ń wo òṣìṣẹ́ tuntun, á wá dìde lójijì, á gbá ìyẹ́ náà mọ́lẹ̀. Ológbò náà ò dàgbà tó bó ṣe ń ṣe. Ní aago mẹ́wàá, oúnjẹ. Lẹ́yìn náà, iná ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ dà bí ogun. Alága ké títí ohùn fi há, ó dúró kó mumi, ó tún padà. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ dì mọ́ ìrọ̀rí, ó ka iye páánù tó wà ní òkè àjà. Ní ọjọ́ kẹrin, igbe náà dín kù sí ìdajì. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀ẹ̀kan péré ni Alága ń ké lóru, ní nǹkan bí aago mẹ́rin, fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Iwájú ilẹ̀kùn Màmá náà ló ti ń ké e. Onígbàjámọ̀ kò fún un lẹ́ja mọ́, ṣùgbọ́n kò lè fi àṣà ọ̀rọ̀ sísọ sílẹ̀. Ó gbà pé dókítà ò mẹ́nu ba ìyẹn ní pàtó.

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ etí Màmá dé, wọ́n gbé e sétí láàárọ̀, wọ́n sì kọ̀ láti yọ ọ́ bó tiẹ̀ dalẹ́. Wọ́n gbọ́ fíríìjì, wọ́n bèèrè ẹni tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbọ́ bàtà ara wọn. Wọ́n wọ yàrá ní aago mẹ́sàn-án pẹ̀lú ẹ̀rọ náà, wọ́n sì tilẹ̀kùn.

Ní aago mẹ́rin, Alága ké. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ jáde, ó fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀, ó lóṣòó.

"Alága, gbọ́ mi," ló wí. "Ìwọ ń ké lóde, ìyá rẹ ń hanrun nínú ilé. Ṣé bí ẹ ṣe pín in nìyẹn? Ó jókòó sórí àga látàárọ̀ bí adájọ́, ó ní ọbẹ̀ mi ò níyọ̀, ó ní mò ń rìn bí pẹ́pẹ́yẹ. Mo bá a gbé àpótí gun òkè, ẹ̀yìn ń dùn mí di òní, kò dúpẹ́. Ilẹ̀kùn lásán, kò ṣí i fún ọ. Bí o bá fẹ́ ké, ìyá rẹ ni kó o ké mọ́, má ké mọ́ èmi."

Láti inú yàrá, ohùn kan dáhùn jẹ́ẹ́jẹ́. "Ọbẹ̀ rẹ ò níyọ̀ lóòótọ́."

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ wo Alága bí ẹni pé Alága ló sọ̀rọ̀.

Kọ́kọ́rọ́ yí. Màmá yọjú, ìborùn lórí, ẹ̀rọ létí. "Ó ti tó ìgbà wo tó o ti ń sọ̀rọ̀ mi fún ológbò?"

"Ó ti tó oṣù méjì ààbọ̀, Mà."

"Lálaalẹ́?"

"Mo máa ń sinmi lọ́jọ́ Àìkú, Mà."

Màmá fa àga kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n jókòó. "Ó dáa. Bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ni mi ò gbọ́."

Ó kọ́kọ́ ń bẹ̀bẹ̀, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, Màmá ní kò sáyè fún un láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wá sọ díẹ̀. Èyí tó le, ó fò ó. Màmá mọ̀ pé ó ń fo nǹkan, wọ́n ní kó padà sẹ́yìn. Nígbà tó dé ibi pé àga wọn dà bí ìtẹ́ tí wọ́n jí nílé dókítà eyín, ẹ̀rín pa Màmá tí omi fi bọ́ lójú wọn. Alága gbé ẹnu sókè, ó ké lẹ́ẹ̀kan sí i, gbangba.

Màmá gbá etí mú. "Ṣé bó ṣe máa ń ké nìyí?"

"Èyí kéré, Mà."

Wọ́n wo ológbò náà pẹ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn. Nílé tiwọn, wọ́n mọ ibi gbogbo, kò sẹ́lòmíì tó ń wọlé. Níbí, wọn ò gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọ wọn wọlé láàárọ̀ láti wò wọ́n, wọ́n la ojú, wọ́n ṣàdédé rí orí èèyàn lókè orí wọn. "Àyà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sílẹ̀. Mi ò lè sọ pé ẹ̀rù ń bà mí, torí n ó ní láti sọ pé mi ò gbọ́ràn. Mo bá ń tilẹ̀kùn."

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ kọjú sí ilẹ̀kùn náà. Ó ní, "Mà, ẹ fi sílẹ̀ kó ṣí díẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa wọlé láìjẹ́ pé ó fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀. Èmi náà á máa gbá a, n ó sọ fún ọmọ yín. Ẹ ò ní gbọ́ ọ tẹ́ ẹ bá yọ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ibùsùn yín á mì. Ẹ̀yin méjèèjì á mọ̀ pé èèyàn ń bọ̀."

"Gbá a kí n wò ó," ni Màmá wí, wọ́n wọlé lọ dùbúlẹ̀, wọ́n yọ ẹ̀rọ.

Ó gbá a. Tíṣà ìsàlẹ̀ fi igi kan àjà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Màmá gbé ọwọ́ sókè nínú yàrá pé àwọn mọ̀ ọ́n lára. Alága ti kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ onígbàjámọ̀, ó fò sórí ibùsùn, ó yí po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì tẹ́ ara rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ìyá àgbà bí ẹni tó ti ibi iṣẹ́ jíjìnnà dé.

Alága ṣì ń ké lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí di òní, àgàgà bí iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ bá jó tán, torí àgbàlagbà ni, àgbàlagbà sì ní ohun tó máa ń rántí. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, nígbà tí nọ́ọ̀sì ti ibi iṣẹ́ dé ní aago mẹ́jọ, kò rí ẹnì kankan ní pálọ̀. Ilé ìdáná tutù. Ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀ ṣí díẹ̀, ìyá ń hanrun, ológbò ń hanrun. Ọkọ rẹ̀ tó yẹ kó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù láti aago méje dojú bolẹ̀ lórí ibùsùn pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, kò mira. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi ìka sábẹ́ imú rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn, láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń mí.

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ la ojú kan. "Nọ́ọ̀sì," ló wí, "yọ ọwọ́ rẹ, mi ò tíì kú. Lọ sọ fún àwọn oníbàárà mi pé mò ń sùn."